Àbúrò mi tó wà lójú ogun ní kí n máa bá òun gbé ọ̀rọ̀ òun sórí Facebook, ṣé kí n máa ṣe é?

Ọmọ_Òkèsà (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi, Èkìtì kete. Ẹ jọ̀ọ́ mi ò mọ ibòmíì tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ, torí tí mo bá sọ ọ́ nílé wọ́n á ní kí n dákẹ́, tí mo bá sì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kílẹ̀ tó ṣú gbogbo Òkèsà ti gbọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, sójà ni. Zaria ló ti gba tírénì bíi ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n wá gbé e lọ sí apá Borno, mi ò ní sọ ibi tó wà gan-an. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wọlé fún un lóru á fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, nígbà míì á gùn, nígbà míì kò ní ju "àǹtí, a wà o" lọ. Ìgbà tó yá ló ní òun fẹ́ kí n máa bá òun tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí n máa gbé e sórí Facebook, kí n má fi orúkọ òun sí i. Ó ní òun ò bú ìjọba, òun ò bú ọ̀gá kankan, òun kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn ilé mọ ohun tójú àwọn ń rí ni, torí gbogbo ìgbà tí òun bá wálé, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń bi òun ni "ẹ ti pa mélòó?"

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé síta, ọ̀rọ̀ clipper ni. Ọmọ Kogi kan wà láàárín wọn tó máa ń gẹ irun fún gbogbo wọn. Ọjọ́ Sunday ni, lábẹ́ igi kan báyìí lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, wọ́n á to fóònù sílẹ̀ lọ rẹrẹ kó máa gba iná, kálukú ti lẹ pílásítà mọ́ ẹ̀yìn tiẹ̀ tó kọ orúkọ sí i, bí fóònù ṣe ń gba iná ni ọmọ yẹn ń gẹ irun. Kì í gba owó, sìgá àbí bisikíìtì lo máa fún un. Ó bá wọn lọ pátíróòlù lọ́jọ́ kan, kò padà. Clipper wà nínú báàgì ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi ní irun wá kún orí gbogbo wọn, RSM, ìyẹn sájẹ́ǹtì àgbà tó ń rí sí ìwà àti ìmúra wọn, ń pariwo pé ṣé wọ́n ti di wòlíì ni, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, àfìgbà tí ẹnìkan sọ ìdí ẹ̀ fún un. Ó kàn yí padà lọ, kò sì sọ̀rọ̀ irun mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n ṣe ṣe share ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀pọ̀ ló sunkún síbẹ̀. Ló bá di pé ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí kọ sí mi ní inbox, ó ní òun mọ yúnìtì tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, kí n sọ fún àbúrò mi kó ṣọ́ ẹnu ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀gá wọn ni o, bóyá ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ni, bóyá ọlọ́ṣà ojú ogun ni. Ìyá wa ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ mi ní kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Àbúrò mi ní kí n má dán an wò.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé àwọn ọ̀gá ológun lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ọmọ ẹni má sọ ohun tójú ara ẹ̀ rí? Àti pé ṣé òótọ́ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí lè pa àwọn tó wà níbẹ̀, àbí kí àṣírí àwọn ọ̀gá má baà tú ni gbogbo ẹ̀?

Sójà_Fẹ̀yìntì_Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, pa á rẹ́. Lónìí.

Mo jẹ́ sójà, mo lọ Làìbéríà nígbà ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lọ pẹ̀tù sógun níbẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ clipper yẹn burú, èmi gan-an kà á, mo ní láti bọ́ gíláàsì ojú mi sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ sọ tẹ́ ẹ ò mọ̀ pé ẹ sọ ló burú. Ẹ ní ọjọ́ Sunday. Ẹ ní abẹ́ igi. Ẹ ní ẹ̀bá jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wọn máa ń kó jọ sí. Ẹni tó ń wá ibi tó máa ju bọ́ǹbù sí, kí ló tún kù tẹ́ ẹ ò sọ fún un? Ẹ rò pé àwọn èèyàn yẹn ò gbọ́ Yorùbá ni?

Ẹ jẹ́ n sọ àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ má baà rò pé àgbàlagbà kan ló ń dẹ́rù bà yín. Lọ́dún 2007 ní Iraq, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé hẹlikọ́pítà Apache dé fún àwọn sójà Amẹ́ríkà, inú wọn dùn, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò mọ̀ pé lókéṣọ̀n ti wà nínú fọ́tò yẹn, bọ́ǹbù balẹ̀, hẹlikọ́pítà 4 ló run. Àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn ló ń fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ní Ísírẹ́lì lọ́dún 2010, sójà kan kọ ọ́ sórí Facebook pé lọ́jọ́ Wednesday àwọn máa wọ abúlé kan báyìí, Thursday àwọn ti padà sílé, ó sọ orúkọ abúlé o! Wọ́n ní láti fagi lé gbogbo ìjà yẹn, òun náà fẹ̀wọ̀n ọjọ́ 10 jura. Ọjọ́ kìíní ọdún 2023, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ukraine ba ilé kan ní Makiivka tí àwọn sójà Rọ́ṣíà kó jọ sí, ìjọba Rọ́ṣíà fẹnu ara wọn sọ pé 89 ló kú, wọ́n ní fóònù tí àwọn ọmọ yẹn ń tẹ̀ ni ọ̀tá fi mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tiwa ẹnikẹ́ni ò ní fóònù, tó o bá fẹ́ ránṣẹ́ sílé, ẹni tí wọ́n fún ní ìsinmi lo máa fún ní létà kó bá ẹ mú un lọ, a sì padà wálé, a sì ń sọ ìtàn. Ọjọ́ tó o bá ti wọ aṣọ yẹn, ìjọba ló ni ẹnu ẹ títí wàá fi bọ́ ọ. Kó ní sùúrù.

Ọmọ_Ìjerò_ní_Texas

Ẹ kú ìsinmi sà, Bàbá, ẹ sì kú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe. Ti Sunday àti abẹ́ igi yẹn, mo gbà fún yín, ojú sójà lẹ fi kà á, èmi kà á mi ò rí i rárá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Makiivka tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn, ta ló kó ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ sínú ilé kan ṣoṣo nítòsí ojú ogun? Ara Rọ́ṣíà fúnra wọn ló bi ìbéèrè yẹn, àwọn tó ń kọ̀wé nípa ogun wọn, tí wọ́n sì fara mọ́ ogun náà o. Òkú ò lè ròjọ́ tiẹ̀, ló bá di pé fóònù wọn ló pa wọ́n, ọ̀gá tó ní kí wọ́n sùn síbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Níbí, nígbà tí ogun Iraq bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, àwọn sójà ń kọ bulọ́ọ̀gì láti inú àgọ́ wọn. Akọ̀ròyìn kankan ò lè kọ irú ẹ̀: eruku, oorun tí kò wá, àwàdà tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ máa rò pé wèrè ni. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀, mo rò pé wọn ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bulọ́ọ̀gì nígbà yẹn ni, haha. Nígbà tó di 2007, wọ́n tún òfin kan kọ tí wọ́n ń pè ní AR 530-1, pé sójà gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá ẹ̀ létí kó tó gbé nǹkan síta, oṣù May ọdún yẹn náà ni Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ti YouTube àti MySpace pa lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ wò ó, bí ọ̀gá ẹ bá ní láti ka ohun tó o kọ, ṣé wàá kọ ọ́ pé ọ̀gá ẹ ò mọ ọ̀nà? February 2010 ni Pentagon fúnra wọn tó ṣí i padà, wọ́n ní kálukú lè lò ó níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tú àṣírí iṣẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Fọ́tò Abu Ghraib, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn sójà Amẹ́ríkà ń ṣọ́ ní Iraq, tó jáde lọ́dún 2004, sójà ló ya á, ẹ̀rọ kámẹ́rà tiwọn. Kò sọ ibi tí ọkọ̀ ogun kankan wà. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹlẹ́wọ̀n nínú ọgbà ló sọ, gbogbo ayé sì rí i. Ní Íńdíà lọ́dún 2017, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kan ya fídíò oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn lórí òkè tí yìnyín wà, búrẹ́dì tó jóná àti ẹ̀wà olómi ṣooro. January ló gbé e síta, nígbà tó fi máa di April wọ́n ti lé e níṣẹ́. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àṣírí ogun wo ló wà nínú ẹ̀wà olómi?

Kò_Kàn_Mí_Rárá

Ẹ̀wà olómi la jẹ títí tá a fi jáde ní bọ́dìn, tó o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìwọ lo máa gé pápá. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé sójà ni mí 😂

Ọmọ_Ọ̀mùò

Ẹ fi àwàdà sílẹ̀ jàre. Àwa tá a ní èèyàn ní Borno, a ò lè gbàgbé November 2018, Metele, níbi tí ọ̀tá ti kọlu àgọ́ àwọn sójà wa. Báwo la ṣe mọ bí ibẹ̀ ṣe rí? Sójà ló fi fóònù ya ohun tó kù, ó ń fi ọkọ̀ tó jóná hàn, ó ń fi ìbínú sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ ológun ní 23 ló kú, àwọn oníròyìn ń sọ pé ó lé ní 100, wọ́n ní ká má gba fídíò gbọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú iye méjèèjì, ṣé tí ò bá sí fídíò, wọ́n máa sọ 23 gan-an?

Ẹ tún rántí 2014. Àwọn ìyàwó sójà ló dúró sẹ́nu géètì bárékè ní Maiduguri ní August, wọ́n ní ọkọ àwọn ò ní lọ bá ìbọn pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Nígbà tó di December, kóòtù ológun dájọ́ ikú fún sójà 54 pé wọ́n kọ̀, wọn ò jà. Àwọn ọmọ yẹn ń sọ pé kò sí ohun ìjà. Lọ́dún 2015 ni wọ́n wá sọ ikú yẹn di ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ọdún yẹn náà sì ni ìjọba fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí owó ìbọn gbà lọ. Ẹ máa sọ fún mi pé kí sójà dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Tíṣà_Ẹ̀fọ̀n

Mo kí gbogbo yín. Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sẹ́yìn díẹ̀ torí kò bẹ̀rẹ̀ lórí Facebook.

Bàbá tó bí bàbá mi lọ ogun Hitler. Bọ́mà ni wọ́n kó wọn lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, inú igbó àfonífojì Kaladan ni ẹgbẹ́ 81 wà, ẹrù wà lórí wọn, òfuurufú ni wọ́n ti ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Bàbá ò mọ̀wé nígbà yẹn. Ẹlòmíì nínú yúnìtì ló ń bá a kọ létà, lẹ́yìn náà ọ́físà òyìnbó á kà á, èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò. Tó bá wá dé Ẹ̀fọ̀n, katikísì ni wọ́n máa gbé e lọ bá kó kà á fún wọn. Ẹ ka iye èèyàn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ kí ìyàwó tó gbọ́ ọ.

Ọ̀kan nínú létà yẹn ṣì wà nílé wa. Ìkíni ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó ń kí ẹ̀gbọ́n, ó ń kí ẹ̀yìn odi, ó ń bèèrè ewúrẹ́, lẹ́yìn náà "mo wà ní", ihò wá wà níbẹ̀, ihò gígùn tó ṣe rẹ́gí, ọ̀rọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ lápá kejì pé "àmọ́ ó ti ń dẹwọ́". Ihò yẹn ni gbogbo agbolé fi ṣe ìjà. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gé, àwọn kan ní wọ́n ti mú un lẹ́rú, ìyá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Nígbà tí bàbá délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì ló tó hàn pé orúkọ ìlú tí ọsibítù wà ni wọ́n gé, ibà ló ń ṣe é. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún ọ̀tá ò tó nǹkan, ohun tí wọ́n fi dẹ́rù ba àwọn ará ilé pọ̀ jù ú lọ.

Àmọ́ mi ò ní sọ pé ọ́físà yẹn ya wèrè. Bí létà 100 bá sọ orúkọ ìlú ọsibítù, ẹni tó gbọ́n máa mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn tó fara pa gbà. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni ìgbà tí àṣírí máa kú. Àwọn tó bá mọ Èkó, ẹ̀yin mọ Myohaung Barracks ní Yaba. Ìlú kan ní Bọ́mà ni Myohaung, January 1945 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa gbà á. Lóṣù tí wọ́n ń lọ síbẹ̀, sójà ò gbọdọ̀ kọ orúkọ yẹn sínú létà. Lónìí orúkọ yẹn náà wà lára géètì, gbangba. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò ju ọjọ́ lọ. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń ka ọjọ́ yẹn ní Nàìjíríà, torí lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ fáìlì "àṣírí", kì í jáde mọ́.

Lọ́yà_Aramọkọ

Ọmọ_Òkèsà, ẹ bèèrè ẹ̀tọ́, ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn kí inú má bí yín sí mi.

Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, àmọ́ abala yẹn náà, nísàlẹ̀, sọ ọ́ ní pàtó pé wọ́n lè ṣe òfin tó máa dín ti àwọn ológun àti ọlọ́pàá kù, tó bá ti jẹ́ òfin tó bọ́gbọ́n mu láwùjọ tó ń ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa. Ibi "tó bọ́gbọ́n mu" yẹn ni àwa lọ́yà ti ń jẹun. Ológun ní Armed Forces Act, wọ́n ní ìlànà tiwọn lórí Facebook àti irú ẹ̀, kóòtù ológun sì ni wọ́n máa gbé e lọ, kì í ṣe kóòtù tiwa yìí.

Ẹ má rò pé ọmọ kékeré nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Ọ̀gágun Olusegun Adeniyi, Major General, òun ló ń darí gbogbo Operation Lafiya Dole, orúkọ tí wọ́n ń pe ogun tí wọ́n ń bá Boko Haram jà nígbà yẹn. March 2020, fídíò kan já síta níbi tó ti wà láàárín ìbọn, tó ń sọ pé ohun tí wọ́n sọ fún àwọn nípa agbára ọ̀tá kò bá ohun tí àwọn bá níbẹ̀ mu, pé kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ òun. Wọ́n gbé e kúrò nípò, wọ́n gbé e lọ kóòtù ológun, December ọdún yẹn wọ́n gé ọdún 3 kúrò nínú ipò ẹ̀. Sójà kékeré tó ń bá a ṣiṣẹ́ gba ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 28 pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Tí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gágun tó ga tó bẹ́ẹ̀, àbúrò yín ńkọ́?

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ń bá a tẹ̀ ẹ́, ẹ má rò pé torí ẹ jẹ́ aráàlú, ẹ ti bọ́. Official Secrets Act ti 1962 ò yọ aráàlú sílẹ̀, òfin Cybercrimes ti 2015 sì wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ dà yín láàmú lè fà yọ, bí ò tiẹ̀ ní mú un dé ibì kan. Lójú tèmi o, ọ̀rọ̀ clipper yẹn kò dé ibi àṣírí ìjọba rárá. Àmọ́ kí wọ́n tó dá yín láre, ẹ ti wọ mọ́tò lọ Abuja lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀yẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí n lọ.

Sójà lọkọ mi, ogun yìí ló bá lọ. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bí mo ṣe mọ̀? Oníbàárà kan ló wá ra ṣúgà lọ́wọ́ mi, ó ń wo fídíò lórí fóònù, ó ní "ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n ń ṣe fún àwọn sójà wa", ó na fóònù sí mi. Wọ́n tẹ́ òkú sílẹ̀, ẹni tó ń ya á ń sunkún, ó ń ṣépè, ó ń gbé fóònù láti orí ẹnìkan dé orí ẹnìkejì. Ẹnìkẹta, kò ya ojú ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo rí. Ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù, búlúù tó ní ìlà funfun méjì lókè, èmi ni mo rà á fún un lọ́jà nígbà tó ń padà lọ torí ó ní òtútù ibẹ̀ lóru kì í ṣe kékeré. Mo ṣì ń wọn ṣúgà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mi ti rí i lórí fóònù ọ̀rẹ́ wọn níléèwé kí n tó délé bá wọn.

Mo ti ṣépè fún ẹni tó ya fídíò yẹn, mo tún ti gbàdúrà fún un. Torí ẹ gbọ́ èyí tó kù. Àwọn tó yẹ kó wá bá mi, wọn ò wá. Mo pe nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n ní sùúrù, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo tún pè, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí mo ti rí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀! Tí ò bá sí fídíò yẹn, ǹ bá ṣì máa ra káàdì sórí fóònù ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló pè mí lóru pẹ̀lú nọ́ńbà ẹlòmíì, ó sọ bó ṣe kú fún mi, kò yọ ibì kankan sílẹ̀, ó ní tí wọ́n bá mọ̀ pé òun pè mí, òun wọ gàù. Ọ̀rọ̀ tó sọ lóru yẹn ni mo fi ń sùn.

Nítorí náà mi ò lè bá Bàbá Ìkọ̀lé sọ pé kí sójà dákẹ́. Mi ò sì lè bá Texas sọ pé kí wọ́n máa gbé e síta bó ṣe wù wọ́n. Àǹtí, mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo fún yín. Ọmọ Kogi yẹn, ṣé ìyá ẹ̀ ti gbọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?

Sójà_Fẹ̀yìntì_Ìkọ̀lé

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ.

Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí, kí n lọ kan ilẹ̀kùn ìyàwó ẹlẹ́gbẹ́ mi. Ó sàn kí wọ́n rán mi lọ sójú ìbọn. Ohun tí àwọn ará ilé ò mọ̀ ni pé nígbà míì ọ̀gá ò fi òkú pamọ́ torí ìkà, wọn ò tíì rí òkú ni, wọn ò lè sọ pé ó kú, wọn ò lè sọ pé ó wà. Nígbà míì o. Mi ò sọ pé gbogbo ìgbà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí iye òkú bá pọ̀, ipò wọn ló ń bọ́, mo mọ̀ wọ́n, a jọ jẹun.

Texas, ti ẹ̀wà olómi yẹn, o bá mi níbi tó ń dùn mí. Tí oúnjẹ ò bá dáa, ìwọ sójà ní ọ̀nà tó o lè gbà sọ ọ́, o máa rí RSM, o máa rí kọmáńdà, wọ́n ń pè é ní redress. Mo ṣe é rí. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àmọ́ mi ò ya fídíò.

Ọmọ_Ìjerò_ní_Texas

Ẹ ò ya fídíò torí kò tíì sí fóònù tó ń ya fídíò nígbà yẹn sà 🙏

Sójà_Fẹ̀yìntì_Ìkọ̀lé

Ìwọ ọmọ yìí, ilé yín ní Ìjerò, apá ibo ni? Mo fẹ́ mọ bàbá ẹ.

Ọmọ_Òkèsà (Adó-Èkìtì)

Ẹ ṣé gbogbo yín, mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo sì ka ti Ìyá Ìbejì fún ìyá wa létí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé lánàá, mo bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè ìyá ọmọ Kogi yẹn. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ó ní wọ́n ti gbé òkú lọ sílé kí òun tó fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi, àwọn mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, ìyá ẹ̀ ló fi iyán gbà wọ́n lálejò. Ara tù mí díẹ̀. Síbẹ̀ mo ti yọ Kogi kúrò, mo ti yọ Sunday, igi àti jẹnẹrétọ̀, Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tó kù ò ju clipper, irun àti RSM lọ, àmọ́ kò bàjẹ́, ẹ lọ kà á.

Ẹ wá gbọ́ ti RSM. RSM ti kà á! Wọ́n pe àbúrò mi jáde lórí tò, gbogbo wọn rò pé ó ti parí. RSM ní "ìwọ lo ní mo yí padà lọ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà. RSM ní lọ́jọ́ míì tó bá máa kọ nǹkan nípa òun, kó kọ ọ́ pé òun ní irun wọn dọ̀tí, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ bíi pé òun ń tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí àbúrò mi lọ gẹ irun. Àmọ́ ó tún ní òun ò ní lè gbà á tó bá dé òkè, kó má jẹ̀ẹ́ kí òun tún rí òmíràn. Nítorí náà a ò mọ ẹni tó kọ sí inbox, RSM ní kì í ṣe òun.

A ti jọ fẹnu kò. Á máa sọ ọ́, èmi á máa tẹ̀ ẹ́, mi ò ní gbé e síta títí wọ́n á fi gbé e kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà a jọ máa jókòó kà á, àá wo èyí tó lè jáde. Inú ẹ̀ ò dùn sí i o. Ó ní ta ló máa fẹ́ kà á nígbà yẹn, ogun míì á ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ìṣòro tó wà báyìí ni pé fóònù mi ti kún, ó ń sọ pé ààyè ò sí mọ́, fóìsì nóòtì yẹn sì pọ̀. Ọmọ ọkọ mi ní kí n kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

Lọ́yà_Aramọkọ

Má kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ra memory card, kó gbogbo ẹ̀ sí i, yọ ọ́ kúrò nínú fóònù, pa ti orí WhatsApp rẹ́. Sọ fún òun náà kó pa ti ọwọ́ ẹ̀ rẹ́ bó bá ṣe ń ránṣẹ́ tán, torí fóònù tiẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.

Tíṣà_Ẹ̀fọ̀n

Kí ẹ sì máa kọ déètì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó sọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Òkèsà (Adó-Èkìtì)

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Èló ni wọ́n ń ta memory card 64 ní Fajuyi báyìí, kí wọ́n má rẹ́ mi jẹ?